Ìrìn-àjò Apẹja sí Adágún Nueltin ní Ìbẹ̀rẹ̀ Ìgbà Ìwọ́wé

Ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá ni ìwé kan tẹ̀ wá lọ́wọ́ láti ọ̀dọ̀ bàbá kan tí ń ṣòwò aṣọ. Bàbá náà wí pé ọmọ òun ọkùnrin, tí ń gbé ní ìlú Winnipeg ní ilẹ̀ Kánádà, ránṣẹ́ pe òun pé kí òun wá, kí àwọn méjèèjì lè jọ lọ pẹja fún ọ̀sẹ̀ kan ní adágún omi kan tí ó wà ní àríwá pátápátá, nígbà tí ìgbà ìwọ́wé bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé. Iye owó tí ọmọ náà dárúkọ ya bàbá lẹ́nu, ṣùgbọ́n èyí tí ó yà á lẹ́nu jù ni pé ọmọ náà wí pé ẹja tí ó bá tóbi jùlọ nínú èyí tí àwọn bá pa, ńṣe ni àwọn yóò dá a padà sínú omi. Bàbá wá bi wá léèrè bóyá kí òun lọ, tàbí kí òun kọ́kọ́ wá ẹni tí yóò bá òun tọ́jú orí ọmọ náà.

Orí ọmọ náà pé. Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe òun nìkan ni irú ọ̀rọ̀ yìí kàn, nítorí àwọn ọmọ wa pọ̀ ní Winnipeg, ní Toronto àti ní Calgary lónìí, ẹni tí ó bá sì pẹ́ ní ìlú kan kò ní ṣàìbá àwọn ará ibẹ̀ ṣe fàájì wọn. Ṣùgbọ́n ìrìn-àjò yìí kì í ṣe èyí tí à ń dìde lọ bí ẹni tí ó ń lọ kí àna ní Abẹ́òkúta. Bí a kò bá ti ṣètò rẹ̀ ní oṣù mẹ́fà tàbí ọdún kan ṣáájú, owó lè lọ, ẹja lè má wá, ẹ̀mí pàápàá sì lè wà nínú ewu. Nítorí náà ni a ṣe fẹ́ fi ojú ìwé wa ti òní dá bàbá náà lóhùn.

Adágún tí ọmọ náà dárúkọ ni Nueltin. Ó wà ní ibi tí ẹkùn Manitoba ti parí tí ti Nunavut sì bẹ̀rẹ̀, ní ìlà 60 sí ìhà àríwá ayé. Láti Winnipeg dé ibẹ̀ tó bíi 700 ibùsọ̀. Apá kan adágún náà jẹ́ ti Manitoba, apá kejì sì jẹ́ ti Nunavut, ẹkùn tí ilẹ̀ Kánádà dá sílẹ̀ ní ọdún 1999. Ní èdè àwọn ará Dene, tí baba ńlá wọn ti ń rìn ní ilẹ̀ náà kí òyìnbó tó dé, ìtumọ̀ orúkọ rẹ̀ ni Adágún Erékùṣù Tí Ń Sùn. Ọ̀gbẹ́ni P. G. Downes, olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ kan láti Amẹ́ríkà, fi ọkọ̀ tí a ń fi àjẹ̀ wà dé ibẹ̀ ní ọdún 1939, ó sì tẹ ìwé kan jáde ní ọdún 1943, èyí tí ó fi ìtumọ̀ orúkọ adágún náà ṣe àkọlé rẹ̀.

Kò sí títì tí mọ́tò ń gbà dé ibẹ̀. Ojú irin tí wọ́n tẹ́ dé èbúté Churchill ní ọdún 1929 jìnnà réré sí i ní ìhà ìlà-oòrùn. Ọkọ̀ òfurufú ni a ń wọ̀ lọ sí irú ibi bẹ́ẹ̀, nígbà mìíràn ńlá ní ìbẹ̀rẹ̀ ìrìn-àjò àti kékeré ní ìparí rẹ̀. Èyí kékeré náà kò ní táyà, ohun méjì tí ó dà bí ọkọ̀ ọlọ́pọ́n ni wọ́n fi sí abẹ́ rẹ̀, kí ó lè bà sójú omi bí pẹ́pẹ́yẹ. Ilé ìgbàlejò tí ènìyàn yóò bá níbẹ̀ kì í sì í ṣe òtẹ́ẹ̀lì bí ti Èkó. Àwọn ilé onípákó díẹ̀ ni, pẹ̀lú ilé ìjẹun kan, ẹ̀rọ tí ń mú iná wá, àwọn ọkọ̀ kéékèèké ní etí omi, àti àwọn amọ̀nà tí wọ́n mọ adágún náà bí ẹni mọ àgbàlá ilé rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, òkúta, omi àti igi tín-ín-rín tí kò ga ni títí ojú fi lè ríran dé. Ẹni tí ó bá gbàgbé oògùn rẹ̀ sílé kò ní rí ibi tí yóò ti rà á.

Ibi yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ owó náà ti yé wa. Ẹ̀yin tí ẹ ti kó ẹrù láti Kano wá sí Èkó rí mọ̀ pé owó ọkọ̀ máa ń wọ inú iye tí a ń ta ọjà. Ní Nueltin, epo tí ẹ̀rọ ń mu, ibùsùn tí àlejò sùn lé, ẹyin tí ó jẹ ní òwúrọ̀, àti ìṣó tí a fi kan òrùlé, ojú ọ̀run ni gbogbo wọn gbà dé. Oṣù méjì àti ọjọ́ díẹ̀ péré lọ́dún ni onílé sì ní láti fi pa owó náà wọlé, nítorí yìnyín kì í tán lójú adágún náà títí oṣù Kẹfà yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ parí, òtútù sì ti ń padà bọ̀ ní oṣù Kẹsàn-án. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún dọ́là ni wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ẹnì kan fún ọ̀sẹ̀ kan. Kì í ṣe owó ẹja. Owó ọ̀nà ni.

Kí ni ìdí tí wọ́n fi yan ìbẹ̀rẹ̀ ìgbà ìwọ́wé? Ní ilẹ̀ wa, òjò àti ẹ̀ẹ̀rùn ni a mọ̀. Ọ̀nà mẹ́rin ni wọ́n pín ọdún sí lọ́hùn-ún, ìgbà ìwọ́wé sì ni èyí tí ó wà láàárín ooru àti òtútù, tí ewé igi ń pọ́n tí ó sì ń wọ́ dànù. Bí kàlẹ́ńdà tilẹ̀ wí pé ó di nǹkan bí ọjọ́ 22 oṣù Kẹsàn-án kí ìgbà náà tó wọlé, ní Nueltin kì í dúró de kàlẹ́ńdà. Láti ìparí oṣù Kẹjọ ni koríko àti igi kéékèèké ti ń pupa tí wọ́n sì ń di àwọ̀ wúrà.

Ẹja tí a torí rẹ̀ lọ, tí wọ́n ń pè ní lake trout, kò fẹ́ràn ooru rárá. Omi tí ìwọ̀n ooru rẹ̀ wà ní nǹkan bí 10 ti Celsius ni ó bá a lára mu. Nígbà tí oòrùn oṣù Keje bá ti mú omi òkè lọ́wọ́ọ́wọ́, àwọn àgbà ẹja náà á wọ ìsàlẹ̀ ibú lọ, apẹja á sì máa sọ okùn sí wọn bí ẹni tí ń sọ̀rọ̀ sí ẹni tí ó wà nínú kànga. Ṣùgbọ́n bí òru bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í tutù ní ìparí oṣù Kẹjọ, omi òkè náà á tutù, á wúwo ju bí ó ti wà lọ, á sì rì. Ti ìsàlẹ̀ á gòkè, wọn á sì pò mọ́ra. Kò tún sí ohun tí ó ń lé ẹja sí ibú mọ́. Ju bẹ́ẹ̀ lọ, ìgbà ìwọ́wé ni ìgbà tí wọ́n ń yé ẹyin. Wọn kì í gbẹ́ ihò fún un bí àwọn ẹbí wọn mìíràn ti ń ṣe. Orí òkúta ni wọ́n ń yé e sí lóru, ẹyin náà á bọ́ sí àárín òkúta, á sì wà níbẹ̀ lábẹ́ yìnyín títí di ìgbà ìrúwé. Kí àkókò náà tó pé, wọn á ti máa rọ́ wá sí ibi tí omi kò jìn, ní àyíká àwọn òkúta náà. Ẹja tí ènìyàn kò lè rí ní oṣù Keje wá di ohun tí ọ̀pá ìwọ̀ kékeré lè kàn. Ẹ jẹ́ kí a fi ìwọ̀n kan kún un: èyí tí ó tóbi jùlọ tí a tíì fi ọ̀pá ìwọ̀ mú tí ó sì wọ ìwé àkọsílẹ̀, pọ́n-ùn 72 ni ó wọ̀n, ní Adágún Great Bear, ní àríwá ilẹ̀ Kánádà kan náà, ní oṣù Kẹjọ ọdún 1995. Ọ̀pọ̀ ọmọ ọdún mẹ́wàá kò wúwo tó bẹ́ẹ̀.

Àǹfààní mìíràn wà pẹ̀lú. Ẹ̀fọn ilẹ̀ náà, àti àwọn eṣinṣin dúdú tíntín tí ń bu ẹran ara jẹ, kì í jẹ́ kí ènìyàn gbádùn oṣù Keje. Òtútù òru àkọ́kọ́ ni ó ń pa wọ́n run. Òru pẹ̀lú ti wá ṣókùnkùn tó, kí á lè rí ìmọ́lẹ̀ àríwá, àwọ̀ ewé àti elésè àlùkò tí ń jó lójú ọ̀run bí aṣọ tí atẹ́gùn ń fẹ́. Ní oṣù Kẹfà kò sí bí a ó ti rí i, nítorí ilẹ̀ kì í ṣú tán. Ẹ rántí pé ní Èkó, ọ̀sán àti òru fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba yípo ọdún. Ní ìlà 60, ọ̀sán oṣù Kẹfà sún mọ́ wákàtí 19, tí oṣù Kẹsàn-án bá sì fi bẹ̀rẹ̀, yóò ti dín sí nǹkan bíi 14, yóò sì máa dín ní ìṣẹ́jú márùn-ún tàbí mẹ́fà lójoojúmọ́.

Nítorí gbogbo èyí, ọ̀pọ̀ apẹja ni ó máa ń du ọ̀sẹ̀ tí ó kẹ́yìn kí ilé náà tó tì. Àwa kò gba bàbá nímọ̀ràn bẹ́ẹ̀. Òótọ́ ni pé ẹja pọ̀ jù ní òkè omi nígbà náà, ṣùgbọ́n ìjì pọ̀ pẹ̀lú, àti kùrukùru, àti òjò tí ó fẹ́ di yìnyín. Ọkọ̀ òfurufú kékeré kì í fò nínú kùrukùru, kì í sì í bà sójú omi tí ìgbì rẹ̀ ga. Ẹni tí ó wà ní ọ̀sẹ̀ tí ó ṣáájú èyí tí ó kẹ́yìn, bí atẹ́gùn bá dá a dúró, ilé ìdáná ṣì ń dáná, àwọn òṣìṣẹ́ ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́, ọkọ̀ mìíràn sì ń bọ̀ wá kó àwọn ẹlòmíràn. Kí bàbá yan ọ̀sẹ̀ yìí, kí ó sì fi ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta sílẹ̀ ní Winnipeg lẹ́yìn rẹ̀, kí ó tó wọ ọkọ̀ tí yóò gbé e padà sílé. Kí ó má ṣe bá oníbàárà kankan ṣe àdéhùn sí ọjọ́ kejì àbọ̀ rẹ̀.

Ní ti ẹrù, ọ̀rọ̀ ìwọ̀n ni. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ilé wọ̀nyí kì í gbà kí ẹrù ẹnì kan ju pọ́n-ùn 40 tàbí 50 lọ, nítorí ọkọ̀ kékeré náà ní iye tí ó lè gbé, wọn a sì máa wọn ẹrù bí a ti ń wọn kòkó. Bẹ́ẹ̀ ni àpò náà níláti rọ̀, kí ó lè wọ ibi tí àyè bá wà. Kí bàbá fi àpótí onírin rẹ̀ sílé. Aṣọ òwú, bí ó ti wù kí ó dára tó lọ́wọ́ oníṣòwò aṣọ, kì í ṣe aṣọ ibẹ̀, nítorí bí ó bá ti tutù kì í gbẹ, ó sì ń fa ooru ara lọ. Aṣọ onírun àgùntàn ni kí ó wọ̀, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lọ́nà mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kí ó lè máa bọ́ ọ kí ó sì máa wọ̀ ọ́ bí oòrùn ti ń yọ tí ó sì ń wọ̀, kí ó sì ní ẹ̀wù òjò gidi tí yóò bo gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀. Fìlà tí ó bo etí. Ìbọ̀wọ́ méjì, nítorí ọ̀kan yóò tutù. Oògùn tí ó ń lò, kí ó kó èyí tí yóò tó o fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí ó sì gbé e sí àpò tí kò ní kúrò lára rẹ̀. Ọ̀pá ìwọ̀ ńkọ́? Onílé sábà máa ń ní èyí tí ó ń yá àlejò. Kí ọmọ béèrè kí ó tó ra tuntun. Ṣùgbọ́n kí wọ́n má ṣe gbàgbé okùn wáyà kúkúrú tí a ń so mọ́ iwájú ìwọ̀, nítorí ẹja kan wà níbẹ̀ tí à ń pè ní pike, ẹnu rẹ̀ gùn, eyín rẹ̀ mú bí ayùn, a sì máa gé okùn lásán bí ẹni gé òwú.

A fẹ́ dúró díẹ̀ lórí omi náà fúnra rẹ̀, nítorí àwọn tí wọ́n mọ̀ ọ́n wẹ̀ dáradára ní ọ̀sà wa lè rò pé omi ni omi ń jẹ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n Gordon Giesbrecht ti ilé ẹ̀kọ́ gíga Manitoba, ní Winnipeg níbẹ̀, ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe ìwádìí lórí ohun tí omi tútù ń ṣe sí ara ènìyàn, a sì lè fi ẹ̀kọ́ rẹ̀ sórí ìka ọwọ́: ọ̀kan, mẹ́wàá, ọ̀kan. Ẹni tí ó bá já sínú omi tútù ní ìṣẹ́jú kan láti fi kápá èémí rẹ̀, nítorí òtútù náà yóò mú kí ó máa mí gúlegúle, bí ó bá sì mí omi símú, ó parí. Lẹ́yìn náà ó ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì lè ṣiṣẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn, ó ní nǹkan bíi wákàtí kan kí òtútù tó mú kí ó dákú. Ẹ kíyè sí i pé kì í ṣe òtútù ni ó kọ́kọ́ ń pa ènìyàn, bí kò ṣe rírì nígbà tí apá bá kọ̀ tí kò ṣiṣẹ́ mọ́. Ẹ̀wù tí ń múni léfòó ni ó ń sọ wákàtí kan náà di ti ẹni. Láìsí i, ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni gbogbo rẹ̀. Kí bàbá wọ̀ ọ́ láti etí omi, kí ó sì dè é, kí ó má ṣe fi jókòó bí ìrọ̀rí gẹ́gẹ́ bí a ti rí i tí àwọn kan ń ṣe nínú ọkọ̀ wa ní Èkó.

A dé orí ọ̀rọ̀ tí ó mú kí bàbá ṣiyèméjì sí orí ọmọ rẹ̀. Kí ni ẹni tí ó san owó tó bẹ́ẹ̀ ń wá tí yóò fi dá ẹja padà? Ohun tí a fẹ́ kí bàbá mọ̀ ni pé nínú omi tútù bẹ́ẹ̀, tí oúnjẹ kò pọ̀, ẹja kì í tètè dàgbà. Lake trout tí ó wọn 30 pọ́n-ùn ní irú adágún bẹ́ẹ̀ lè ti lo ọgbọ̀n ọdún láyé tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, a sì ti rí èyí tí ó ju 50 ọdún lọ. Ó lè tó ọdún mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ kí abo rẹ̀ tó yé ẹyin àkọ́kọ́, nígbà mìíràn kì í sì í yé lọ́dọọdún. Bí àlejò kọ̀ọ̀kan bá gbé àgbà ẹja kan lọ sílé, adágún tí ó tóbi bí òkun yóò di òfìfo kí ọmọ tí a bí lónìí tó gbéyàwó. Àgbẹ̀ wa kì í jẹ èbù rẹ̀. Àgbà ẹja wọ̀nyí sì ni èbù adágún náà. Ìdí mìíràn tún wà tí a kì í sábà sọ. Ẹja ńlá tí ń jẹ ẹja mìíràn a máa kó májèlé mercury jọ sínú ẹran ara rẹ̀ ní ọdọọdún tí ó fi ń dàgbà, nítorí náà èyí tí ó tóbi jùlọ kọ́ ni ó dára jùlọ fún ọbẹ̀.

Nítorí náà ni òfin Manitoba ṣe fi dandan lé e pé ìwọ̀ tí kò ní ẹ̀gún lẹ́nu, tàbí tí a ti fi ẹ̀mú tẹ ẹ̀gún rẹ̀ mọ́lẹ̀, ni kí gbogbo apẹja máa lò, kí ó lè rọrùn láti yọ. Dídá ẹja padà ní ìlànà tirẹ̀ pẹ̀lú. Kí ọwọ́ tutù kí ó tó kan ẹja, nítorí ọwọ́ gbígbẹ a máa bó yọ̀rọ̀ ara rẹ̀. Kí a má ṣe gbé e kọ́ ní ẹ̀bátí. Bí a bá fẹ́ ya àwòrán rẹ̀, kí ayàwòrán ti múra sílẹ̀ kí a tó gbé e kúrò nínú omi, kí ó má sì pẹ́. Lẹ́yìn náà kí a dì í mú jẹ́jẹ́ nínú omi títí yóò fi fúnra rẹ̀ lọ. Àwọn tí ó ti ṣe é rí wí pé ìgbà tí ó fi ìrù gbá ọwọ́ wọn tí ó sì lọ ni inú wọn dùn jù; a kò bá wọn jiyàn.

Ebi kò sì ní pa bàbá. Ní ọ̀sán, amọ̀nà á fi ọkọ̀ gún etí òkúta, á dá iná igi, á fi ọ̀rá dín àwọn ẹja kéékèèké tí wọ́n pa ní òwúrọ̀ nínú agbada, pẹ̀lú ànàmọ́ òyìnbó àti àlùbọ́sà. Ata ni kò sí. Kí bàbá di ata gígún tirẹ̀ lọ́wọ́. Kò wúwo, a kò sì rí amọ̀nà tí yóò kọ̀ ọ́ bí ó bá fi lọ̀ ọ́.

Ní ti amọ̀nà yìí, ọ̀pọ̀ wọn ní àríwá Manitoba jẹ́ ọmọ Dene tàbí Cree, onílé ni wọ́n, kì í ṣe ìránṣẹ́. Ilẹ̀ náà ní ìtàn tí ó yẹ kí àlejò mọ̀ kí ó tó dé. Ní ọdún 1950, ìjọba Kánádà fi ọkọ̀ òfurufú kó àwọn ará Inuit kan tí à ń pè ní Ahiarmiut láti adágún Ennadai wá sí Nueltin yìí, láìgba ọ̀rọ̀ lẹ́nu wọn, pẹ̀lú èrò pé wọn yóò máa ṣiṣẹ́ ẹja. Ẹran caribou, tí ó dà bí àgbọ̀nrín ńlá, ni wọ́n ń jẹ, awọ rẹ̀ ni wọ́n ń wọ̀; apẹja kọ́ ni wọ́n. Ìyà jẹ wọ́n, wọ́n sì padà sí Ennadai kí ọdún náà tó parí, a sì tún kó wọn kiri ní ẹ̀ẹ̀mélòó kan lẹ́yìn náà. Oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2019 ni ìjọba tó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ wọn, ní ìlú Arviat. Omi tí ẹnì kan ń sanwó láti pẹja níbẹ̀ fún fàájì ni omi tí a fi ipá kó ẹlòmíràn wá pẹja. Bí amọ̀nà bá dákẹ́ nínú ọkọ̀, kí bàbá má ṣe fi ìbéèrè yọ ọ́ lẹ́nu. Bí ó bá sì sọ̀rọ̀, kí ó gbọ́ ọ bí ó ti ń gbọ́ àgbà ìlú.

Ó ku ọ̀rọ̀ ìwé. Ọmọ Nàìjíríà níláti gba ìwé àṣẹ kí ó tó wọ ilẹ̀ Kánádà, ó sì lè pẹ́ kí ó tó jáde, nítorí náà òun ni kí bàbá kọ́kọ́ dáwọ́ lé, kí ó tó san owó tí a kò lè gbà padà. Ìwé àṣẹ ìpẹja wà lọ́tọ̀. Ẹni tí yóò bá sì pẹja ní ìhà méjèèjì adágún náà níláti gba ti Manitoba àti ti Nunavut.

Kí ọmọ tó san owó ìdásílẹ̀, kí ó kọ̀wé sí onílé, kí ó sì béèrè nǹkan wọ̀nyí lọ́wọ́ rẹ̀: Ta ni ó ni ọkọ̀ òfurufú náà? Pọ́n-ùn mélòó ni ẹrù wa? Ṣé ẹ̀wù tí ń múni léfòó tí ó tó àgbàlagbà tí ó sanra wà? Ohun èlò wo ni a fi ń bá àwọn ará ìta sọ̀rọ̀, níwọ̀n bí fóònù alágbèéká kò ti ní ṣiṣẹ́ níbẹ̀? Bí àìsàn bá kọlu ẹnì kan lóru ńkọ́? Ta ni yóò sì san owó oúnjẹ àti ibùsùn wa bí ọkọ̀ kò bá lè wá gbé wa ní ọjọ́ tí a dá? Bí onílé bá ti dáhùn èyí tí ó kẹ́yìn yìí nínú ìwé rẹ̀ kí a tó bi í, kí ọmọ san owó náà, kí bàbá sì lọ wọn ìbọ̀wọ́.